Bátìrì Ìjọ Lọ́wọ́ Mùsílímátù

Ọlọ́run tí ó dá ìmọ́lẹ̀ kí ó tó dá oòrùn ni mo kọ́kọ́ júbà, kí n tó la ẹnu sọ̀rọ̀ ìlú wa. Lálúpọn ni mò ń wí, ìlú ẹlẹ́gẹ̀ẹ́, ìlú tí òórùn gàrí ti ń kí àlejò káàbọ̀ kí onílé tó rí i. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìlú kékeré ni, ẹ dá a lóhùn pé bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, tiransifọ́mà wa ti jóná. Ó ti pẹ́ débi pé ẹyẹ ẹ̀ga ti kọ́lé sórí rẹ̀, wọ́n sì ti bímọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé inú òkùnkùn ni a ń gbé. Bátìrì mọ́tò ni a fi ń wo tẹlifíṣọ̀n, òun ni a fi ń gbọ́ ìwàásù nínú sípíkà, òun náà sì ni àwọn awakọ̀ wa fi ń ṣíná sí ọkọ̀ láàárọ̀ kí wọ́n tó kó gàrí lọ sí Ìbàdàn. Ilé tí kò bá ní bátìrì lábẹ́ tábìlì, ilé náà kò tíì lajú.

Ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó: kò sí ibi tí a ti lè ṣáájì rẹ̀ ní gbogbo agbègbè wa. Ìbàdàn ni à ń gbé e lọ, ní Géètì. Ìyà gidi ni. Bátìrì wúwo bí ọlọ. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ á ní kí o san owó ìjókòó fún un bí ẹni pé èèyàn ni. Bí ọkọ̀ bá já sí kòtò, ásíìdì á ta sí ẹni láṣọ. O kò ní mọ̀ lọ́jọ́ náà, ìgbà tí o bá fọ aṣọ náà tán ni wàá rí i pé ó ti di ajere. Ìyàwó Àkànbí, awakọ̀ kan báyìí tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ìró tirẹ̀ ní àwọ̀n ìpẹja.

Ẹni tó mú ìyà náà kúrò lọ́rùn wa, obìnrin ni. Mùsílímátù Àbíkẹ́ ni, ọmọ Ìyàndá, tí a ń pè ní Ìyá Kifáyà nítorí àkọ́bí rẹ̀. Ọmọ ìlú wa ni, ilé bàbá rẹ̀ kò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí. Ṣùgbọ́n Ṣáṣá ní Ìbàdàn ló dàgbà sí, lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ tí ń ṣáájì bátìrì fún àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń kó àlùbọ́sà àti tòmátì bọ̀ láti ilẹ̀ Hausa. Ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ náà, ó sì mọ̀ ọ́n débi pé àwọn awakọ̀ Hausa kì í fẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn kan bátìrì àwọn.

Nígbà tí ó lọ́kọ, tí ó padà wá sílé, ó wo ẹ́ńjìnnì tí ìyá ọkọ rẹ̀ fi ń bá wa rin ẹ̀gẹ́ ní igun gárèèjì. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni ẹ́ńjìnnì náà ń yí. Mùsílímátù ní, "Ohun tó bá ń yí, ó lè yí nǹkan mìíràn." Ó wá dáínámò ara ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti kú, ó dè é mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ó fi bẹ́líìtì so wọ́n pọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ̀rọ bá ti ń rin ẹ̀gẹ́ níwájú, bẹ́ẹ̀ ni bátìrì ń mu iná lẹ́yìn. Èmi Ànúolúwapọ̀ tí mò ń yan gàrí ní ọ̀kánkán ibẹ̀, ojú mi ló ṣe. Ilé iṣẹ́ wo ní Ìbàdàn ló ń fi ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo bọ́ ikùn èèyàn, tó tún ń fi í bọ́ ikùn mọ́tò?

Àwọn awakọ̀ ló ni ilẹ̀ igun náà. Àlàájì Sàníù, alága wọn, ló fún un láyè, àyè "ẹ jẹ́ ká wò ó ná."

"Ìyá Kifáyà," wọ́n ní, "n kò rí obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ yìí rí. Bí ó bá yọrí, ìwọ lo ni igun yìí. Bí kò bá yọrí, ọkùnrin kan wà ní Ìbàdàn tó ti ń bẹ̀ mí nítorí rẹ̀."

Ọjọ́ àkọ́kọ́ kò tíì di ọ̀sán tí ìjà fi dé. Ẹ ṣáà mọ̀ wá, a kì í bu òkèlè ṣáájú àgbà. Àlàájì Sàníù wo àwọn bátìrì tí a tò sórí pákó gbọọrọ, wọ́n rí tiwọn ní ìparí, ojú wọn sì le.

"Èmi alága! Bátìrì mi ló wà nídìí yìí? Ṣé àjẹkù ni kó wá máa jẹ ni?"

Bàbá arúgbó kan láti agbo ilé Ìmáàmù na ọ̀pá sí wọn. "Sàníù, ṣé wọ́n bí ọ ṣáájú mi ni? Tèmi ni kó wà níwájú, kí tìẹ tẹ̀ lé e."

Àkànbí yọ orí láti inú ọkọ̀ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí tèmi wà láàárín yín. Bí ẹran bá bọ́ lọ́wọ́ àgbà, màá hán an."

Mùsílímátù kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin bàbá mi, kì í ṣe abọ́ ọkà. Okùn iná kan náà ló so gbogbo wọn. Kò sí èyí tó ń jẹ àjẹkù èkejì."

Ta ló gbà á gbọ́? Arúgbó ti ń gbé bátìrì rẹ̀, ó ní òun yóò kúkú máa lọ sí Ìbàdàn. Ni Mùsílímátù bá dìde, ó kó àwọn pákó náà, ó tò wọ́n yípo bí agbo eré òṣùpá, ó sì tún gbé àwọn bátìrì lé wọn lórí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀.

"Ó yá, ẹ̀yin bàbá mi. Ẹ fi èyí tó wà níwájú hàn mí."

Àlàájì Sàníù rìn yí agbo náà po. Wọ́n tún un rìn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàndá bímọ," wọ́n ní.

Bí iṣẹ́ ṣe gbèrú nìyẹn. Kí ọdún tó yí po, àwọn ará Ejìòkú ti ń ru bátìrì wá bá wa, àwọn ará oko sì ń fi kẹ̀kẹ́ gbé e wá. Bí mo bá rí wọn tí wọ́n ń bọ̀, ọrùn mi á gùn sí i lẹ́yìn agbada gàrí, bí ẹni pé èmi ni mo ni dáínámò.

Ìjọ wa náà gbé bátìrì tirẹ̀ fún un, ìjọ Kérúbù àti Séráfù tó wà lọ́nà odò. Ọ̀dọ̀ Ìyá Olúfúnmi, Ìyá Ìjọ wa, ni bátìrì yìí máa ń wà. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Obìnrin gíga ni wọ́n, wọ́n á ti gbàdúrà òwúrọ̀ tán kí àkùkọ tó rántí pé òun ní ohùn. Àwọn ni wọ́n ń tọ́jú omi àdúrà nínú kẹ́ẹ̀gì funfun. Bí ara ọmọ bá gbóná, ìyá rẹ̀ á gbé e wá, wọ́n á bu omi náà fún un, ara á sì balẹ̀. Mo ti fi ojú mi rí i, kì í ṣe àgbọ́sọ. Ohun ìjọ kì í bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn. Aṣọ àlà ni wọ́n fi ń bo bátìrì ọ̀hún nínú yàrá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé bàtà wọlé tọ̀ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ àjọ̀dún ìdásílẹ̀ ìjọ ni ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ a ṣe ìwọ́de wọ ọjà, akọrin níwájú, àwọn ìyá lẹ́yìn, sípíkà lórí ọmọlanke. Wòlíì Ọlọ́runyọmí gun orí àga láti wàásù. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní, "Ẹ̀yin ará Lálúpọn, ẹ gbọ́," ni sípíkà bá wúkọ́. Ó ké mẹ̀ẹ́ bí ewúrẹ́. Ó dákẹ́. Wòlíì ń la ẹnu, ẹnì kankan kò gbọ́ nǹkan kan.

"Wòlíì, ẹ pariwo!" Àkànbí ló kígbe láti ẹ̀bá ọ̀nà. "Ó jọ pé àwọn áńgẹ́lì yín ti lọ jẹun ọ̀sán!"

Gbogbo ọjà fi ẹ̀rín sí i. Ojú tì wá débi pé a kò lè parí orin tí a ń kọ.

"Ta ló ṣáájì bátìrì wọn ná?" ẹnì kan bèèrè.

"Mùsílímátù ni. Àárọ̀ yìí ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Mo ti wí, iṣẹ́ ọkùnrin ni."

Ẹlòmíràn tún sọ èyí tó burú jù: "Ṣebí mùsùlùmí ni. Ta ló mọ̀ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é fún wọn ni?" Wòlíì bá ẹni náà wí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu dà bí ẹyin, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti dé gárèèjì ṣáájú wa.

Àlàájì Sàníù wá bá Mùsílímátù nídìí ẹ́ńjìnnì. Wọn kò jókòó.

"Ìyá Kifáyà, ẹ̀rù ti ń ba àwọn awakọ̀ mi. Wọ́n ní bí bátìrì ìjọ bá lè kú láàárín ọjà, tàwọn lè kú láàárín igbó. Ọjọ́ Àìkú ni àwọn Kérúbù ń kádìí àjọ̀dún wọn. Bí sípíkà yẹn bá tún dákẹ́, tó bá di ọjọ́ Ajé, màá ránṣẹ́ pe ọkùnrin Ìbàdàn."

"Mo gbọ́, Àlàájì." Kò jiyàn. Ó yíjú sí mi. "Ànú, bá mi gbé bátìrì yín wá."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo gbé e dé. Ó ṣí àwọn ìdérí rẹ̀, ó ti gíláàsì kan tí ó ní rọ́bà lórí bí ọmú ìgò bọ inú rẹ̀, ó fa ásíìdì sókè wò. Ó mi orí. Ó wá tẹ̀ ba, ó fi imú sí ihò bátìrì, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó gbọ́ ohùn tí kò retí.

"Ànú, wá gbóòórùn nǹkan yìí."

Mo tẹ̀ ba. Lọ́fíńdà ni!

"Láti ìgbà wo ni bátìrì ti ń fín lọ́fíńdà?" ó bi mí.

Ẹ̀yin ará! Mo mọ òórùn náà bí mo ti mọ ọwọ́ ara mi. Ó wà ní iwájú orí mi, ó wà lára ọmọ mi, gbogbo ọmọ ìjọ wa mọ̀ ọ́n. Òórùn omi àdúrà ni. Mùsílímátù wo ojú mi, ó sì rí ìdáhùn níbẹ̀.

"Ọ̀dọ̀ ta ni bátìrì yìí ń sùn?"

"Ọ̀dọ̀ Ìyá Ìjọ."

Ó dúró títí wọ́n fi kírun Jímọ̀ tán, ó fọ ọwọ́, ó tún gèlè wé, a sì jọ lọ. A bá Ìyá Olúfúnmi lórí ẹní, wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ rán etí àwọn aṣọ funfun tí àwọn àlejò yóò lò. Mùsílímátù kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ìyá wa."

"Káàsán, Ìyá Kifáyà. Dìde ńlẹ̀. Ṣé bátìrì wa ti jí?"

"Yóò jí, lágbára Ọlọ́run. Mama, mo wá kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ yín ni. Báwo ni ẹ ṣe ń tọ́jú rẹ̀ bí wọ́n bá gbé e dé láti ọ̀dọ̀ mi?"

Inú Ìyá Olúfúnmi dùn. Ta ni kì í fẹ́ kí a bèèrè ọgbọ́n lọ́wọ́ òun? "Háà, mò ń kẹ́ ẹ ni! Bó bá ti dé báyìí, màá ṣí àwọn ìdérí kéékèèké yẹn bí o ti máa ń ṣí wọn. Màá bu omi àdúrà sí ihò kọ̀ọ̀kan. Màá ka Sáàmù lé e. Màá wá fi àlà bò ó."

"Omi àdúrà, Mama?"

"Ṣebí èmi náà rí ọ nídìí ẹ́ńjìnnì, tí ò ń bu omi inú ìgò sí i. Nígbà tí àjọ̀dún yìí kù sí dẹ̀dẹ̀, mo wá rò ó. Mo ní, bí omi lásán tí ẹnì kankan kò gbàdúrà sí bá lè fún un lágbára, kí ni èyí tí a gbààwẹ̀ lé lórí kò níí ṣe?"

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Mùsílímátù kò rẹ́rìn-ín o. Ó ní, "Ẹni tó nígbàgbọ́ ló ń ro irú èrò yìí, Mama. Ṣé iyọ̀ wà nínú omi náà?"

"Iyọ̀ díẹ̀, àti lọ́fíńdà. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn."

"Ẹ̀yin ìyá wa, èèyàn ni omi yín wà fún. Èèyàn ní ẹ̀mí, ó ní ìgbàgbọ́ tí yóò fi gbà á. Bátìrì kò ní ẹ̀mí. Òjé ló wà nínú rẹ̀ àti ásíìdì, omi tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni, omi tí wọ́n ti yọ gbogbo ìdọ̀tí àti iyọ̀ inú rẹ̀ kúrò. Iyọ̀ ni ọ̀tá rẹ̀."

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Olúfúnmi.

"Èmi ni mo sọ Wòlíì di odi láàárín ọjà."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Èmi ni. Ìwọ ni wọ́n sì ń bú. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ, Ìyá Kifáyà, mo tún bá wọn mi orí sí i." Omijé bọ́ lójú wọn. N kò rí i rí kí Ìyá Ìjọ sunkún fún nǹkan mìíràn àfi àdúrà.

Mùsílímátù di ọwọ́ wọn mú. "Mama, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí jáde nínú yàrá yìí. Ẹ mọ Àkànbí. Bó bá gbọ́ ọ, á fi kọ orin lọ sí Ìbàdàn, á tún fi kọrin bọ̀. Ẹ̀yin kọ́ ni a ó fi ṣe ẹlẹ́yà nílùú yìí."

"Igun rẹ ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí bátìrì kọ́kọ́ jí ná."

Ìyá Olúfúnmi nu ojú. Ohun kan ṣì wà lọ́kàn wọn. "Ṣé bátìrì ilé Ọlọ́run á wá máa ṣiṣẹ́ láìsí àdúrà ni?"

"Rárá o, Mama. Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

Láti ibẹ̀ ni a ti kọjá sílé Wòlíì Ọlọ́runyọmí. Mùsílímátù gbé ìgò omi bátìrì sílẹ̀ níwájú wọn, ìdérí rẹ̀ dé pinpin.

"Bàbá, ẹ bá mi gbàdúrà sí i, kí n tó bu ú sí bátìrì yín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan sí i. Ẹ má tilẹ̀ ṣí i."

"Èéṣe tí n kò fi níí ṣí i?"

"Bàbá, ṣé ìdérí ìgò lè dí Ọlọ́run lọ́wọ́?"

Wòlíì wò ó. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ara wọn fi ń gbọ̀n. "Ànúolúwapọ̀, ṣé ẹ gbọ́? Ọmọ onímàle ló ń wàásù fún mi nínú ilé mi!" Wọ́n gbé ọwọ́ lé ìgò náà, wọ́n gbàdúrà gígùn, wọ́n pe Ẹni tó sọ fún ìmọ́lẹ̀ pé kó wà. Mùsílímátù ṣe àmín sí i tọkàntọkàn. Bí a ti ń jáde, mo gbọ́ tí òun náà ń sọ bísímílà lábẹ́ ètè.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó da gbogbo ohun tó wà nínú bátìrì náà nù sínú kòtò. Ó fi omi bátìrì ṣan ikùn rẹ̀, ó dà á nù, ó tún ṣan án, títí òórùn lọ́fíńdà fi lọ. Ó bu ásíìdì tuntun sí i, ó fi omi tí Wòlíì gbàdúrà sí kún un. Ó ku iná. Ẹ̀gẹ́ kò sì sí nílẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta kì í ṣe ọjọ́ tí à ń rin ẹ̀gẹ́ ní Lálúpọn, ìyá ọkọ rẹ̀ kì í sì í ṣíná sí ẹ́ńjìnnì lásán, epo dísẹ̀lì kì í ṣe omi odò.

Ibi tí a ti ń wo ara wa, ni mo bá rí Ìyá Olúfúnmi tí wọ́n ń bọ̀ láti ọ̀nà oko, agbọ̀n ẹ̀gẹ́ lórí wọn. Àwọn ìyá ìjọ tò tẹ̀ lé wọn. Àwọn obìnrin agbo ilé Ìmáàmù tí wọ́n pàdé lọ́nà náà ti ṣí agbọ̀n tiwọn, wọ́n dà á pọ̀. Wọn kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnì kan. Wọ́n kàn ń wí pé, "Gàrí àlejò kò tó, gàrí àlejò kò tó." A bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Ẹ́ńjìnnì dún gbin-gbin-gbin títí di ìrọ̀lẹ́, bátìrì sì rọra ń mu iná bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn. Gàrí tí a fi ẹ̀gẹ́ ọjọ́ náà yan, a jẹ ẹ́ fún oṣù kan.

Lọ́jọ́ Àìkú, àlejò kún pápá. Mùsílímátù kò wá, ó wà nídìí ẹ́ńjìnnì tó dákẹ́, ó káwọ́ lẹ́rán. Èmi wà láàárín akọrin, ojú mi wà lára sípíkà, àdúrà tí mo gbà nínú mi, Ọlọ́run nìkan ló gbọ́ ọ. Wòlíì gbé makírófóònù sẹ́nu.

"Ẹ̀yin ará Lálúpọn, ẹ gbọ́!"

Ohùn náà bú jáde bí ààrá òjò àkọ́rọ̀. Ó gba orí òrùlé kọjá, ó dé gárèèjì, ó dé oko etí odò tí àgbẹ̀ kan ti dá ọkọ́ dúró, tó ní òun rò pé ọ̀run ló ń pe òun. Àwọn àlejò láti Ìbàdàn ń bi wá pé níbo ni iná wa ti ń wá nígbà tí wáyà òpó wa já sílẹ̀. Àwọn akọrin wa gbé àyà sókè. A kọrin títí oòrùn fi rọlẹ̀, sípíkà náà kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Àlàájì Sàníù dé pẹ̀lú àwọn awakọ̀ wọn, wọ́n dúró yí ìdí ẹ́ńjìnnì ká.

"Ìyá Kifáyà, sípíkà kò dákẹ́. Inú yàrá mi ni mo wà tí mo ń gbọ́ ọ, mo kí ọ. Ìbéèrè kan ló kù. Kí ló ṣe bátìrì náà ní Ọjọ́bọ̀?"

"Àárẹ̀ ló mú un, Àlàájì."

"Irú àárẹ̀ wo?"

"Àárẹ̀ ni, ẹ̀yin bàbá mi. Ó ti lọ."

"Áà, kò tó bẹ́ẹ̀," Àkànbí ní. "Bí àárẹ̀ bá mú tèmi láàárín igbó ńkọ́, ṣé màá sọ fún àwọn olè pé àárẹ̀ ni, ó ń lọ?"

Àwọn awakọ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Àlàájì Sàníù kò rẹ́rìn-ín. "Bí ìwọ lo ṣe àṣìṣe tí o sì tún un ṣe, sọ ọ́, àṣìṣe kò sí lọ́wọ́ ẹni tí kò ṣiṣẹ́. Bí ẹlòmíràn ló bà á jẹ́, sọ ọ́. Èyí tí n kò lè gbà ni kí oníṣẹ́ má mọ ohun tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀."

Mùsílímátù wo ilẹ̀. Mo la ẹnu lẹ́yìn agbada, ó sì fi ojú pa mí lẹ́nu mọ́. Ó kàn tún wí pé, "Àárẹ̀ ni, Àlàájì."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ó dáa. A ó ránṣẹ́ sí Ìbàdàn lónìí."

"Sàníù! Má tíì ránṣẹ́ síbì kan."

Ìyá Olúfúnmi ni. Wọ́n wọ sùtánà funfun lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ga láàárín gárèèjì bí ọ̀pẹ láàárín ẹ̀gẹ́. Gbogbo àwọn ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, tàbí kí n sọ pé wọ́n tẹríba débi tí ọjọ́ orí wọn gbà wọ́n láyè.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ìyá wa," Àlàájì Sàníù ní.

"Orúkọ àárẹ̀ tó mú bátìrì lo ń bèèrè? Olúfúnmi ni orúkọ àkọ́bí rẹ̀. Èmi ni."

"Mama, ẹ jọ̀ọ́," Mùsílímátù ní.

"Dákẹ́, ọmọ mi. O ti bò mí tó." Wọ́n sì sọ ọ́, láti orí kẹ́ẹ̀gì funfun dé orí iyọ̀ àti lọ́fíńdà. Wọn kò dín ohunkóhun kù níbẹ̀. Àkànbí ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó di ikùn mú.

Ìyá Olúfúnmi kọjú sí i. "Rẹ́rìn-ín, Àkànbí. Rẹ́rìn-ín dáadáa. Nígbà tí ara rẹ gbóná bí ààrò ní kékeré, omi yìí náà ni ìyá rẹ sáré wá bu lọ́dọ̀ mi. Ó jẹ́ fún ọ nítorí pé o kì í ṣe bátìrì."

Ẹ̀rín tó bú jáde níbẹ̀, ti Àkànbí ni wọ́n ń rín. Òun náà dọ̀bálẹ̀ nínú eruku, ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ṣeun."

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Ìyá Olúfúnmi gbé ọwọ́ lé èjìká Mùsílímátù. Mo ti gbọ́ wọn nínú àdúrà, mo ti gbọ́ wọn nínú orin. N kò mọ̀ pé wọ́n ṣì ní oríkì pípè nínú, bí àwọn ìyá ìgbà ìwáṣẹ̀.

"Àbíkẹ́ ọmọ Ìyàndá,
Abọ́-mọ́tò bí ẹni ń bọ́ ìkókó.
Ó ń ṣí ìdérí bátìrì láàárọ̀,
Kì í ṣí ìdérí ẹnìkejì rẹ̀.
A bú u lọ́jà, kò fèsì dé ilé;
A fẹ̀sùn kàn án, ó bọ́ ìborùn rẹ̀,
Ó fi da ẹni tó jẹ̀bi lára.
Àbíkẹ́, obìnrin tí iná ń wárí fún,
Ẹ̀gẹ́ ń rin, iná ń rìn,
Ìwọ lo mú àwọn méjèèjì lọ́wọ́ bí ọmọ ìyá.
Lálúpọn bí ọ, Lálúpọn ò kábàámọ̀."

Àlàájì Sàníù ṣí fìlà. Orí wọn funfun nínú oòrùn. "Kò sí ọ̀rọ̀ ọkùnrin Ìbàdàn mọ́," wọ́n ní. "Ìyá Kifáyà, igun yìí di tìẹ, ó di ti àwọn ọmọ rẹ lẹ́yìn rẹ. Ẹni tó bá mọ ohun tó ṣe bátìrì, tó tún mọ ohun tó yẹ kí ó fi pamọ́, òun ni mo fẹ́ gbé ọkọ̀ mi lé lọ́wọ́."

Mùsílímátù fẹ́ nu ojú. Ó rántí pé ásíìdì wà ní ìka òun, ó wá fi ìgbọ̀nwọ́ nu ún. Ó kúnlẹ̀ fún Ìyá Olúfúnmi, ó kúnlẹ̀ fún Àlàájì, ó sì dìde.

"Àkànbí," ó ní, "wá gbé bátìrì rẹ. Ó ti kún láti ìjẹta, ó ń gba àyè mọ́ mi lọ́wọ́."